Àpótí Yẹtí Ìyá Mi

N kò lè gbàgbé ọjọ́ Sátidé tí bàbá mi kan àpótí yẹtí ìyá mi. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá mi níbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò fọwọ́ kan ayùn mọ́. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà láti kan àpótí fún yẹtí tí ìyá mi fi sílẹ̀.

Láàárọ̀, ó gé pákó tíìkì, ó sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ lókè, nísàlẹ̀ àti yíká, láìsí ibi kankan tó ṣí sílẹ̀. Inú bí mi.

“Bàbá, ibo ni kí n gbà kó yẹtí sí i?”

Nígbà tí àpótí náà gbẹ, ó gbé ayùn lé e. Mo figbe ta, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́!”

Ó rẹ́rìn-ín. “Tí mo bá kan ìdérí lọ́tọ̀, kò ní bá ara mu. Fi mí sílẹ̀ kí n gé e.”

Mo fi í sílẹ̀, ó gé e yíká, ìdérí sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó fi irin pẹlẹbẹ méjì tó ń ṣí bí ti ilẹ̀kùn so ó padà. Mo pa á dé, ìlà ara igi náà sì bára mu rẹ́gí.

Mo kó yẹtí sí i. Bàbá wo ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó ti bàjẹ́, tí ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí nígbà ayé rẹ̀ pé kó tún ṣe, ó ní, “Lọ kó ìṣó wá.”

Láti ọjọ́ náà ni ìró òòlù ti padà sílé wa.