Ẹni Tó Bá Mi Tẹ Búrèkì Lọ́sàn-án Jímọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ yáa rín in tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, oorun ò kùn mí, ebi ò sì pa mí débi tí ojú mi á fi máa ṣe bàìbàì. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ọ̀mù-Àrán, mo sì mọ bí ẹsẹ̀ èèyàn ṣe ń dún lórí pẹ́dà.

Kì í tún ṣe òru o. Ọ̀sán gangan ni. Nígbà tá a wà ní kékeré, àwọn ìyá wa kì í jẹ́ ká rìn kiri ní ọ̀sán gangan, wọ́n ní àwa nìkan kọ́ la ń rìn nígbà yẹn. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí, bọ́ọ̀sì búrẹ́dì Ìyá Fúnmi ni. Ìbàdàn ni wọ́n ti fẹ́ obìnrin náà wá, ilé búrẹ́dì rẹ̀ sì kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi ní òdìkejì títì. Bọ̀dá Ráímì ló ń wa bọ́ọ̀sì náà fún un tẹ́lẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí, ọmọ ìlú wa. Ibà lásán la pè é. Ọjọ́ mẹ́rin péré, wọ́n ti sin ín. Látìgbà náà, Ìyá Fúnmi fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ó gbé e wá bá mi. Ó ní búrèkì ń lọ jìnnà kó tó mú, sítíárìn wúwo bíi pé èèyàn ń ti ọlọ, bí òun bá sì tẹ búrèkì lójijì, ọkọ̀ a máa fà sí ọ̀tún.

"Ọ̀gá, ìdájí ọ̀la ni mò ń lọ sí Èsìé," ó ní. "Èmi àti àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń bá mi tajà ni. Ẹ̀yin náà mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lọ́nà yẹn."

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí búrèkì bá kọ̀ níbẹ̀, inú kòtò ni ọkọ̀ ń lọ. Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, pé oòrùn ò ní wọ̀ bá iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Tí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, àfi kó rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ní orí kunkun ni, ó lè jẹ́ òótọ́.

Sítíárìn ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì páwà, èyí tó ń mú sítíárìn rọ̀, ló ti là. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo bu ọ́ìlì sí i, mo ní kí Ìyá Fúnmi tan ọkọ̀, kó máa yí sítíárìn láti òsì dé ọ̀tún títí ìfófòó inú ọ́ìlì náà fi tán. Ó rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo wá fi ìgboyà sọ fún un pé sítíárìn yẹn náà ló ń fa ọkọ̀ sí ọ̀tún, pé ẹ̀yìn ò ní nǹkan kan. Irọ́ ni, àmọ́ mi ò tíì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ó kan búrèkì. Mo pààrọ̀ páàdì iwájú méjèèjì àti rọ́bà kan tó ń jò níbẹ̀. Ó wá ku ká fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹni méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹnì kan á jókòó sídìí sítíárìn, èkejì á wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà. Tí mo bá ní "ẹ tẹ̀ ẹ́", ẹni òkè á tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀mẹta. Tí mo bá ní "ẹ mú un", á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò ní gbé ẹsẹ̀. Èmi á tú nọ́ọ̀tì kékeré kan kí afẹ́fẹ́ jáde, màá sì dè é padà. Tó bá gbé ẹsẹ̀ kí n tó dè é, afẹ́fẹ́ á tún wọlé, iṣẹ́ di àtúnṣe nìyẹn.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó yí mi ká ti dákẹ́, wọ́n ti lọ kírun Jímọ̀. Èmi onígbàgbọ́ nìkan ni mo kù. Ìyá Fúnmi ní kí òun sáré lọ wo ààrò kí búrẹ́dì má baà jó, pé òun ń bọ̀ wá bá mi tẹ pẹ́dà. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ dè é.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Mo gbọ́ tí ìjókòó dún kẹ́ẹ́. Wọ́n tún ti ilẹ̀kùn náà.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," ni mo wí.

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ mú un."

Kò mú un. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni. Mo gbá rọ́bà tuntun yẹn mú, ó ń wú, ó ń rọ, ó ń wú, ó ń rọ lábẹ́ ìka mi. Inú bí mi. Mo ní, "Ìyá Fúnmi, mo ní kẹ́ ẹ mú un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́."

Ohùn kan dá mi lóhùn látòkè, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́.

"Ẹ̀yìn ńkọ́?"

Ohùn ọkùnrin ni. Ó sì sọ ọ́ bí àwa Ìgbómìnà ṣe ń sọ ọ́ láàárín ara wa, bí Ìyá Fúnmi ò ṣe lè sọ ọ́ láéláé. Mo yíjú síta láti abẹ́ ọkọ̀. Ní òdìkejì títì, mo rí ẹsẹ̀ Ìyá Fúnmi nínú sílípáàsì rẹ̀, ó dúró kí ọ̀kadà kan kọjá kó tó sọdá. Ẹ gbà mí gbọ́, mò ń wo ẹsẹ̀ obìnrin náà lókèèrè, rọ́bà yẹn sì ń wú lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀rù bà mí. Ọkùnrin ni mí, àmọ́ kí n má purọ́, ẹ̀rù bà mí débi pé sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ara mi ní kí n sá tọ àwọn tó wà ní mọ́sálásí. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé tí mo bá sá, ta ni yóò parí ọkọ̀ yìí? Ilẹ̀ ọ̀la á ṣáà mọ́, àwọn obìnrin mẹ́rin á sì wọ inú rẹ̀. Mo sì ti mọ ohùn náà.

Mo rá jáde lábẹ́ ọkọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí ìjókòó. Ìyá Fúnmi dé, ó ní, "Ọ̀gá, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?" Mo gbé jáàkì, mo kọrí sẹ́yìn, mo tú táyà òsì.

Mo fi àkísà nu ẹrẹ̀ kúrò lára páìpù kékeré tó ń gbé ọ́ìlì lọ síbẹ̀. Wọ́n ti ká a sí méjì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pa. Èmi ni mo ká a.

Ìgbà òjò kan ló ṣẹlẹ̀, nígbà tí Bọ̀dá Ráímì ṣì wà láyé. Bọ̀dá Ráímì wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná nínú ọkọ̀, búrèkì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn ń jò, kò sì sí ohun tí mo lè fi pààrọ̀ nítòsí. Mo fi ẹ̀mú tẹ páìpù náà pa kí ọ́ìlì má lè dé ibẹ̀ mọ́, kí ọkọ̀ máa fi ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù dúró. Kò sí mẹkáníìkì tó máa sọ pé òun ò ṣe é rí. Mo ní, "Ẹ ṣì máa manéèjì ẹ̀. Ẹ gbé e wá tọ́sẹ̀ bá parí." Kò gbé e wá, èmi náà ò pè é. Nígbà tó yá, ó kú. Èmi àti òun nìkan la mọ̀ nípa rẹ̀, èmi sì ti gbàgbé.

Ó ṣe mí bíi kí n na páìpù náà níkọ̀kọ̀ kí n sì dákẹ́. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo pe Ìyá Fúnmi, mo fi hàn án, mo sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mo sì sọ ohun tí mo gbọ́ fún un.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo páìpù náà pẹ́. Ó ní, "Ẹ sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé ẹ̀yìn ò ní nǹkan kan." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò bú mi. Ojú tì mí ju kó bú mi lọ.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, mo ra páìpù mìíràn, mo dè é, mo tún ibi tó ń jò ṣe, mo sì wọ abẹ́ ọkọ̀ padà. Ìyá Fúnmi jókòó sókè. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ tí pẹ́dà lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní kó mú un. Mo tú nọ́ọ̀tì, afẹ́fẹ́ tú jáde, ọ́ìlì tó mọ́ tẹ̀ lé e, ó ń ṣàn geerege láìdáwọ́ dúró.

Ìyá Fúnmi wá rọra sọ̀rọ̀ látòkè. Ó ní, "Ọ̀gá, mi ò tíì gbé ẹsẹ̀ mi lé e."

Mo fẹ́ sá jáde. Àmọ́ iṣẹ́ ti débi tí mi ò lè fi sílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ fi ẹsẹ̀ yín sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹ jẹ́ kó mú un."

Mo de nọ́ọ̀tì náà títí ó fi le. Pẹ́dà gòkè padà fúnra rẹ̀. Ìyá Fúnmi ní òun rí i bó ṣe ń bọ̀ sókè.

Ní ọjọ́ kejì, ó pè mí láti Èsìé. Ó ní ọkọ̀ dúró gbọn-in lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò fà síbì kankan. Inú mi dùn, àmọ́ mi ò lè jẹun. Páìpù tí mo ti ká lọ́nà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Mo ti lọ bá àwọn tí mo rántí, nílé àti lóko, ní Òrò, ní Òkè-Onígbìn, mo ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n wo abẹ́ ọkọ̀ wọn. Àwọn kan ń wò mí bíi wèrè. Àwọn kan ti ta ọkọ̀ náà.

Torí náà, bí mẹkáníìkì bá ti sọ fún yín rí pé kẹ́ ẹ ṣì máa manéèjì ẹ̀, ẹ padà lọ bá a lónìí. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni òkú máa ń wá bá èèyàn tún ṣe.

Bọ́ọ̀sì funfun kan wà, ẹnì kan gbé e wá láti Àrán-Ọ̀rin. Ẹ̀yìn ọ̀tún ni mo tẹ̀ pa. Wọ́n ní wọ́n ti tà á, wọn ò mọ ibi tó wà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń wà á, tó ń fà sí òsì tẹ́ ẹ bá ti tẹ búrèkì, mo bẹ̀ yín, ẹ rọra páàkì síbi tẹ́ ẹ wà yẹn.