Ààwẹ̀ Tí Búrẹ́mọ̀ Fi Sanra

Nígbà àkọ́kọ́ tí Búrẹ́mọ̀ gun orí ìwọ̀n ní ilé ìwòsàn kan ní Kòtònú, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì dì í mú lọ́wọ́, kí ìwúwo fìlà má baà wọ inú ìṣírò. Nọ́ọ̀sì wo fìlà náà, ó wo ojú ẹni tó dì í mú, ó sì ka ohun tí ìwọ̀n sọ: kílò mẹ́tàdínláàádọ́fà. Búrẹ́mọ̀ ní kí wọ́n yọ kílò mẹ́wàá kúrò níbẹ̀ fún agbádá. Nọ́ọ̀sì ní agbádá wo ló ń wọn kílò mẹ́wàá. Búrẹ́mọ̀ ní ọmọbìnrin náà kò tíì rí agbádá Ṣakété.

Ọdún 1982 ni. Ìjọba Rẹfolúṣọ̀n ti pẹ́ lórí àléfà nígbà náà, gbogbo ènìyàn sì ti di kámárádì, àti ẹni tó ni lọ́rì àti ẹni tó ń wọ̀ ọ́. Búrẹ́mọ̀ wà lára àwọn tó ni. Lọ́rì rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń ná ọ̀nà ọjà Dantokpa ní Kòtònú sí Ṣakété àti Pobè, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wà á.

Àwọn kan ní àìsàn ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ onímọ́tò ló ní kí gbogbo awakọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ojú rẹ̀ ríran, etí rẹ̀ gbọ́ràn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan ni dókítà kò fẹ́ràn. Dókítà náà, Adélékan, ọmọ Pobè tó kàwé ní Dakar, fi díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí Dakar, nítorí pé ilé ìwòsàn tirẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tó lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Nígbà tí èsì dé, ó pe Búrẹ́mọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, Sàrátù, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Dantokpa.

"Bàbá, ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í ṣe àìsàn lónìí. Ó lè jókòó bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi darúgbó, kó má fi nǹkan kan ṣe yín. Ṣùgbọ́n lára àwọn mìíràn, ó máa ń yí padà di jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn egungun."

"Lára àwọn wo?"

"A kò tíì mọ̀ ọ́n tán. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ìran tí ènìyàn ti wá wà níbẹ̀. Ó dà bíi pé sísanra jù náà wà níbẹ̀. Mi ò lè fún yín ní ọjọ́ orí mìíràn, mi ò sì lè fún yín ní bàbá mìíràn. Ikùn yín nìkan ló kù tí a lè bá sọ̀rọ̀."

Búrẹ́mọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn náà, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ dín oúnjẹ kù," ni dókítà wí. "Ẹ dín ṣúgà àti òróró kù, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn. Kí ẹ sì máa padà wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí n lè mọ̀ bóyá ó ti ń yí."

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ikùn yẹn jẹ́ fún ẹni tó ni ín. Ní ibùdókọ̀, òun ni àwọn èrò kọ́kọ́ máa ń wò kí wọ́n tó wo táyà. Wọ́n gbà pé ẹni tó rí oúnjẹ jẹ tó bẹ́ẹ̀ kò ní í ṣàìrí owó ra bíréèkì. Bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá ṣàdéédéé fọn, àdúgbò á ní lọ́rì ti kú, tàbí ìyàwó ti kọ ìdáná sílẹ̀. Búrẹ́mọ̀ rò ó láti ilé ìwòsàn dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, nínú tasí, nítorí pé ìrìn kò tíì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ ló ti rí ojútùú.

"Ó ní kí n dín oúnjẹ kù," ó wí fún Sàrátù. "Ta ló mọ bí wọ́n ti ń dín oúnjẹ kù ju Mùsùlùmí lọ? Màá máa gbààwẹ̀."

"Bàbá Ràṣídátù, ààwẹ̀ kọ́ ni dókítà wí."

"Onígbàgbọ́ ni. Kò lè mọ̀ ọ́n."

Bẹ́ẹ̀ ni ààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí yìn ín. Àwọn tó ti rò pé ikùn rẹ̀ nìkan ló mọ̀ tọrọ àforíjì lọ́kàn ara wọn. Kí a má sì purọ́ mọ́ ọn: láti ìdájí títí oòrùn fi wọ̀, ẹ̀kán omi kan kò kan ọ̀fun rẹ̀. Ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ tán ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀kọ mímu ló fi máa ń ṣínu, pẹ̀lú ṣúgà tó fi jẹ́ pé ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró nínú rẹ̀, àti àkàrà. Lẹ́yìn náà, àblò, ìyẹn ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n sè bíi mọ́ínmọ́ín, àti ẹja díndín láti etíkun Fidjrossè. Lẹ́yìn ìrun, oúnjẹ gan-an: àmìwọ̀, ọkà àgbàdo tí wọ́n fi òróró àti tòmátì rò di pupa, pẹ̀lú adìẹ. Kílẹ̀ tó mọ́, sàárì, nítorí pé ẹni tó fẹ́ gbààwẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára. Lọ́sàn-án, kò rìn, torí ó ń gbààwẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ ìbòòji lọ́rì, ó ń dá àwọn èrò lóhùn ní ohùn kékeré.

Jímọ́ọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ni aṣojú ìjọba ní àdúgbò wọn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àdúgbò pàṣẹ pé kí gbogbo ọkùnrin máa lọ roko ní Abomey-Calavi ní Sátidé, òun ló ń kiri ojúlé.

"Kámárádì Búrẹ́mọ̀, ọkọ́ rẹ dà?"

"Mo wà lẹ́nu ààwẹ̀."

"Ní Sátidé? Láti ìgbà wo?"

"Ọlọ́run ló ni gbogbo ọjọ́, Jímọ́ọ̀."

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ tìrẹ yìí ń mú ọ sanra. Kọ́ mi bí o ṣe ń gbà á, kí n lọ fi sin ewúrẹ́ mi."

Nígbà tí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà, Búrẹ́mọ̀ ti gbọ́n: Sàrátù ló gbé fìlà fún kó tó gun ìwọ̀n. Ìwọ̀n náà ní kílò mẹ́tàléláàádọ́fà.

"Ìwọ̀n ìjọba ni," ni Búrẹ́mọ̀ wí. "Ohun tí gbogbo ìlú ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, báwo ni yóò ṣe sọ òótọ́?"

"Kí ni ẹ ń jẹ?" ni dókítà bi í.

"Ààwẹ̀ ni mo ń gbà."

Dókítà wo Sàrátù. Sàrátù wo òkè àjà.

"Bàbá, ààwẹ̀ yín, ti Ọlọ́run ni, kò sí tèmi níbẹ̀. Ohun tó ń tẹ̀ lé e ni mo ń bá yín sọ. Ẹ̀jẹ̀ yín ṣì dúró síbi tó wà, ẹ má jẹ́ kí á dẹ́kun àtimáa ṣọ́ ọ."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dúró nìkan ni Búrẹ́mọ̀ gbọ́. Ààwẹ̀ ti dáhùn. Kò rí ìdí tó tún fi yẹ kí ẹni tí ààwẹ̀ rẹ̀ ti dáhùn máa lọ gun ìwọ̀n.

Sàrátù kò gbà. Ó dín òróró inú ọbẹ̀ kù, ó fi gbọ̀rọ̀ rọ́pò adìẹ, ó kó ṣúgà pamọ́ sábẹ́ òwú tó ń tà. Búrẹ́mọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣínu lẹ́ẹ̀mejì: ó ṣínu nílé, ó tún lọ ṣínu lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Hàwáù, tó ń gbé lẹ́yìn ọjà.

"Wọ́n ti fẹ́ fi ebi pa ọ́," ni Hàwáù ń wí, tó ń bu kún un. "Àwọn ìyàwó òde òní."

Sàrátù gbọ́. Ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Ràṣídátù, ẹ lè jẹun níbi tó bá wù yín. Àyẹ̀wò ńkọ́? Bí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá yí lónìí, ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi tí mo ni ín."

Ó kọjá wọlé.

Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń dùn ún. Ó dá àga lọ́rì lẹ́bi, ó sì ra tìmùtìmù tuntun sí i. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Ó dá ààwẹ̀ lẹ́bi, ó sì fi kún sàárì. Ní ọdún 1986, ní ibùdókọ̀ Ṣakété, níṣojú àwọn èrò, ó na ọwọ́ láti ti ilẹ̀kùn lọ́rì, ilẹ̀kùn tó ti ń tì láti nǹkan bí ogún ọdún. Egungun ìhà rẹ̀ kan dá. Ẹni tó dúró tì í gbọ́ ọ.

Dókítà Adélékan kò bú u. Ó sọ fún un pé ohun inú ẹ̀jẹ̀ náà ti yí, ó ti di jẹjẹrẹ, ó sì wà nínú egungun.

"Ṣé àmìwọ̀ ni?" ni Búrẹ́mọ̀ bi í.

"Mi ò lè sọ pé òun ni, irọ́ ni màá pa. Ó ṣeé ṣe kó yí bí ẹ tilẹ̀ tín-ínrín bí igi ìgbálẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún mẹ́ta gbáko lẹ kò fi jẹ́ kí n wò ó. Ká ní mo ti rí i ni, à bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn kí egungun tó dá."

Búrẹ́mọ̀ wo Sàrátù. Sàrátù gba ìwé oògùn lọ́wọ́ dókítà.

Wọ́n fún un ní oògùn. Ẹnu rẹ̀ kọ oúnjẹ. Hàwáù gbé adìẹ wá, ó sì gbé adìẹ padà. Nígbà tí oṣù Ràmàdáánì dé, àáfà wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní aláìsàn kì í gbààwẹ̀, kó má ṣe dán an wò. Láàárín ọdún kan, ó dé ìwọ̀n tí dókítà ti ń bẹ̀ ẹ́ sí, ó sì kọjá rẹ̀ sísàlẹ̀, láìṣe ààwẹ̀ kan. Ní Dantokpa, wọ́n ń bi Sàrátù léèrè bóyá lọ́rì ti kú.

Ìgbà ìkẹyìn tó gun ìwọ̀n, agbádá wà lọ́rùn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́rì wà nínú àpò, fìlà sì wà lórí.

"Bàbá, ẹ ṣí fìlà," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Fi sílẹ̀," ni Búrẹ́mọ̀ dá a lóhùn. "Ara mi ni."

Nọ́ọ̀sì fi sílẹ̀.

Ní ìparí ọdún 1987, Búrẹ́mọ̀ kú ní Ṣakété, ní ilé bàbá rẹ̀, nínú yàrá tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí. Sàrátù wà lọ́dọ̀ rẹ̀.