Àdìzát Pe Agbọ́n Ní Àgbọn

Tí ẹ bá dé Ìjòkó, tí ẹ sì béèrè ìyá tó ń sọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì lórí rédíò, ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta mílíìkì, ọṣẹ àti bíró ọmọ iléèwé ni wọ́n máa júwe fún yín. Ìyàwó mi ló ni ín. Àdìzát ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Ruqoyah ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí Ruqoyah ọmọ wa tó ti wà nílé ọkọ báyìí. Ó ṣe tíṣà rí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tajà, ẹnu tíṣà kò sì kúrò lára rẹ̀. Tí o bá ra ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, o máa gbọ́ ìdí tí ọṣẹ fi ń hó.

Àárọ̀ Sátidé ló máa ń ṣe ètò rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Ọ̀tà. "Wọ́n Ti Wádìí Ẹ̀" ni wọ́n ń pe ètò náà. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé òórùn ara ló ń jẹ́ kí ẹ̀fọn fẹ́ràn ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ. Ibẹ̀ náà la ti gbọ́ pé ẹ̀dá kan wà nínú òkun tó ní ọwọ́ mẹ́jọ àti ọkàn mẹ́ta. Bàbá kan pè wọlé lọ́jọ́ yẹn, ó ní tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, kò ní lè sọ pé òun ò nífẹ̀ẹ́ ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí Àdìzát kì í fi ṣeré: omi tí wọ́n fi iyọ̀ àti ṣúgà sí fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Nígbà tí a ń gbé ní Ìgbẹ́sà, a bí ọmọkùnrin kan tẹ̀lé Ruqoyah. Ìgbẹ́ gbuuru ló gbé e lọ. Èmi ń ṣàdúà, òun ń fi aṣọ tutù nu ọmọ lára. Àwọn àgbà ní ká má fún un lómi, kí ìgbẹ́ lè dá. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ní kádàrá ni, mo sì gbà. Mo ṣì gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá tí Àdìzát kà nípa omi yìí nínú ìwé kan, ó gbé ìwé náà sílẹ̀, ó ní, "Bàbá Ruqoyah, iyọ̀ wà nílé lọ́jọ́ yẹn."

Ládàánì ni mí. Èmi ni mò ń pe àwọn èèyàn wá kírun, ẹni tó ń peni kò sì gbọ́dọ̀ máa ṣe iyè méjì ní gbangba. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ẹni tó máa ń bá a wá ìròyìn ètò rẹ̀ ni Dásọ́lá, ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan lójú ọ̀nà Ìdírókò. Ó máa ń kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì, á tú u sí Yorùbá, á fi ránṣẹ́ lórí wásáàpù. Ó mọ̀wé, ṣùgbọ́n kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ó ní fóònù òun ò mọ àmì.

Lọ́sẹ̀ kan, olùgbọ́ kan béèrè ìdí tí àgbọn fi ní ojú mẹ́ta. Àdìzát ní kí Dásọ́lá bá òun wá a. Nígbà tó di Jímọ́ọ̀, ohun tó wọlé sórí fóònù rẹ̀ nìyí: "Agbon a maa da oju ara won mo. Ti won ba fi oda kun oju okan, awon yooku a se bi eni ti ko mo on ri."

Ọ̀rọ̀ àgbọn ló wà lọ́kàn rẹ̀, àgbọn náà ló sì kà. Mo wà nílé ní Sátidé, mò ń lọ aṣọ, mo gbọ́ ọ lórí rédíò tó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, àgbọn tí ẹ ń wò yìí, wọ́n máa ń dá ojú ara wọn mọ̀ o. Wọ́n ti wádìí ẹ̀." Mo ní sùbúhánalláhì. Ọkùnrin kan pè wọlé kíá. "Abájọ tí àgbọn tó wà lẹ́yìnkùlé mi kì í fi í já lé mi lórí. Ó mọ̀ mí lójú."

Kí ó tó di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti dé abẹ́ bíríìjì Ṣàngó. Ìyá kan ń ta àgbọn níbẹ̀, Ẹfúnróyè lorúkọ rẹ̀. Ó to àgbọn rẹ̀ kí wọ́n kọjú síra wọn, ó ń sọ fún oníbàárà pé, "Èyí àti èyí, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ má yà wọ́n." Àwọn èèyàn sì ń rà á ní méjì méjì.

Nírọ̀lẹ́ Mọ́ńdè ni Dásọ́lá dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rẹ́rìn-ín débi pé ó di páálí mílíìkì mú.

"Ìyá Ruqoyah, agbọ́n ni mo kọ. Agbọ́n tó ń ta èèyàn. Mi ò tíì rí ti ojú mẹ́ta yẹn, ìròyìn mìíràn ni mo fi ránṣẹ́."

"Níbo lo kọ ọ́ sí? Ṣé o fi àmì sí i ni?"

"Àgbọn wo ló lójú tí yóò fi dá ojú mọ̀, Mà?"

"Mẹ́ta ló ní," Àdìzát ní. Kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí kò jẹ́ kó rẹ́rìn-ín nìyí. Bùsọ́lá, ìyàwó kan nílé tó kángun sí tiwa, ní ọmọ kékeré kan tí ìgbẹ́ gbuuru mú lóṣù tó kọjá. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní wọn ò gbọ́dọ̀ fún ọmọ lómi. Bùsọ́lá ní, "Ìyá Ruqoyah sọ ọ́ lórí rédíò," ó po iyọ̀ àti ṣúgà, ó rọra ń fún ọmọ mu títí wọ́n fi dé ọsibítù. Ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí. Ìyá ọkọ kò tíì dárí jì í.

Àdìzát lọ bá Ṣọládé, ọ̀gá rédíò. Ìyẹn ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Mà. Àgbọn ò ní pè wá pé a parọ́ mọ́ òun." Ó padà wálé, ó jókòó sẹ́yìn káńtà.

"Tí mo bá tún un ṣe," ó ní, "ìyá ọkọ Bùsọ́lá á ní ẹni tí kò mọ agbọ́n yàtọ̀ sí àgbọn, kí ló mọ̀ nípa ọmọ? Ìgbà mìíràn tí ọmọ bá ń yàgbẹ́, wọn ò ní fún un lómi."

"Tí o kò bá tún un ṣe ńkọ́?"

"Irọ́ ni mò ń pa nìyẹn."

Mo ro ó. Ní ilé kéwú, ẹgba la fi ń kọ́ àmì, nítorí àmì òkè tí o bá kà bí ti ìsàlẹ̀ lè yí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run padà. Síbẹ̀, ìmáàmù náà máa ń ṣìṣe. Mo ní, "Ìmáàmù tó bá gbàgbé nínú ìrun, kì í sá lọ. Ojú gbogbo èèyàn ló ti ń forí kanlẹ̀ nítorí ìgbàgbé, ìrun náà á sì dúró."

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á tún kírun lẹ́yìn ẹ̀?"

"Wọ́n ń kí i."

Ó ní, "Ọlọ́run a jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀," ó sì dìde lọ ta bíró fún ọmọ kan.

Ní Sátidé, àṣìṣe náà ló kọ́kọ́ sọ, kò fi ẹ̀rín bò ó. "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣi ọ̀rọ̀ kà. Kì í ṣe àgbọn tí à ń jẹ. Agbọ́n ni, agbọ́n tó ń ta. Àwọn agbọ́n kan ló ń dá ojú ara wọn mọ̀. Ẹ forí jì mí."

Bàbá ẹlẹ́yìnkùlé ló kọ́kọ́ pè. "Ṣé ìyẹn ni pé ó lè já lé mi lórí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ kúrò lábẹ́ ẹ̀."

Ẹfúnróyè pè láti abẹ́ bíríìjì, ariwo mọ́tò kún ẹ̀yìn rẹ̀. "Ìyá Ruqoyah, ọkàn mi ti ń sọ ọ́. Mo tẹjú mọ́ àgbọn mi títí, mi ò rí èyí tó kí èkejì. Mo kàn ní tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, á jẹ́ pé èmi ni mi ò ríran." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju kó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ohùn arúgbó kan wọlé. "Èmi ni ìyá ọkọ Bùsọ́lá, ní Ìjòkó. Iyọ̀ tí o ní kí wọ́n máa fi sómi ọmọ, ṣé o wo àmì orí ẹ̀ dáadáa?"

Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Mo yí ohùn rédíò sókè.

"Iyọ̀ ni, Mà," Àdìzát ní. "Iyọ̀ ọbẹ̀. Ìyẹn, mi ò kà á lórí fóònù. Mo sin ọmọ kí n tó mọ̀ ọ́n."

Kò sọ ọ́ lórí rédíò rí. Ohùn ìyá náà rọ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Tún un sọ, kí n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o sọ ọ́, etí mi ò dá ṣáká mọ́." Àdìzát sì sọ ọ́ fún un, omi tó mọ́, ṣíbí tí ẹnu rẹ̀ tẹ́jú, bí tíṣà tó ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ kíláàsì kìíní.

Nígbà tó wọlé, mo ti ká aṣọ tán. Mo ní, "Ìyá Ruqoyah, òótọ́ ni. Iyọ̀ wà nílé lọ́jọ́ yẹn."

Ó tú hìjáàbù rẹ̀, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn àga. "A ò mọ̀ nígbà yẹn ni, Bàbá Ruqoyah," ó ní. Ó bu omi fún mi nínú kẹ́tùlù, mo ṣe àlùwàlá, mo sì jáde lọ pe ìrun ọ̀sán.