Tanímọ̀la, Ajá Tó Ń Di Áńtẹ́nà Mú

Kò sí ilẹ̀kùn kan tí Ọládépò káfíńtà kàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ké bí wọ́n bá ń ṣí i. Ohun gbogbo ló ní àyè tirẹ̀ nínú ilé rẹ̀, láti orí òòlù dé orí ṣíbí. Ohun kan ṣoṣo tí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu ni òpó áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ẹ̀bi ajá sì ni.

Tanímọ̀la ni wọ́n sọ ajá náà. Lọ́jọ́ tó jẹ bàtà pásítọ̀ tó wá kí wọn, Ọládépò fi ìbínú so ó mọ́ òpó áńtẹ́nà lẹ́yìn ilé, torí kò sí òpó mìíràn nítòsí. Láti ọjọ́ náà, bí ajá bá rìn, okùn á fa òpó, áńtẹ́nà á yí, àwòrán á di yanrìn tó ń hó bí epo orí iná. Ṣùgbọ́n bí Tanímọ̀la bá ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, áńtẹ́nà á kọjú sí Ìbàdàn gan-an, àwòrán á sì mọ́ bíi dígí. Káfíńtà tó yẹ kó fi ìṣó kan òpó mọ́ ibi tó dára, ńṣe ló ní kí wọ́n máa ju eegun sábẹ́ máńgòrò.

"Nílé ẹlòmíràn, ajá ló ń ṣọ́ ilé," ni Mọ̀ríámọ̀, aládùúgbò wọn tó ń ta aṣọ ní Sábó, máa ń wí. "Nílé tiyín, ilé ló ń ṣọ́ ajá."

Àwàdà ni wọ́n fi ń ṣe títí di ọjọ́ Ìsinmi kan ní ọdún 1988. Ṣáájú ọjọ́ náà, Rose, ìyàwó Ọládépò, ti bá ẹgbẹ́ akọrin obìnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi lọ sí Ìbàdàn, wọ́n gba orin wọn sílẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n, òun gan-an ló sì dá orin. Ọládépò kò bá wọn lọ. Ó ní àga ilé-ìwé kan lòun ń kàn. Rose kò tíì gbàgbé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi yìí ni wọn yóò fi wọ́n hàn.

"Bàbá Tómi," ni Rose wí, "ẹ ò rí mi ní Ìbàdàn. Ẹ má sọ pé ẹ ò rí mi nínú pálọ̀ ara yín."

"Ìyá Tómi, fọkàn balẹ̀. Mo ti ra eegun."

Ọládépò gbálẹ̀, ó to àga, ó nu àpótí onígi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn fún tẹlifíṣọ̀n náà. Ó gbé eegun ẹsẹ̀ màlúù sábẹ́ máńgòrò. Mọ̀ríámọ̀ dé, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rose, ó ká ẹsẹ̀ sókè, torí ó ti ṣe àlùwàlá, kò sì fẹ́ kí ajá fara kàn án.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀gá áńtẹ́nà ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́nu iṣẹ́," ni Ọládépò dáhùn.

Iná wà. Àwòrán mọ́. Àwọn obìnrin jáde nínú aṣọ funfun, Ọládépò sì fa àga rẹ̀ súnmọ́ iwájú. Bó ṣe ń wá gèlè ìyàwó rẹ̀ kiri ni ohùn Rose gòkè.

Kò sẹ́ni tó ti ro èyí tẹ́lẹ̀: orin yìí gan-an ni Rose máa ń kọ bó bá ń gbé ẹ̀bà lọ fún Tanímọ̀la. Ajá gbọ́ orin. Ó fi eegun sílẹ̀, ó sáré síhà fèrèsé dé ibi tí okùn rẹ̀ mọ. Òpó yí.

"Ìyá Tómi ti di yanrìn," ni Mọ̀ríámọ̀ wí.

Ọládépò sáré jáde. Ó fa ajá títí, ajá kò gbà. Níkẹyìn ó tú okùn lọ́rùn ajá, ó di okùn náà mú fúnra rẹ̀, ó lọ dúró sábẹ́ máńgòrò.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀," ni Mọ̀ríámọ̀ ń darí rẹ̀ láti ojú fèrèsé. "Ẹ tún lọ sílẹ̀. Ẹ kúkú dùbúlẹ̀ bí ajá ti ń ṣe. Ó ti mọ́. Ẹ má mira o."

"Ṣé òun ni wọ́n ń fi hàn?"

"Òun ni. Ó rẹwà gan-an."

"Gèlè rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó dúró sán-ún."

"Ta ló wà lórí àga mi?"

Mọ̀ríámọ̀ wẹ̀yìn, ó sáré padà lọ ká ẹsẹ̀ sókè. "Tanímọ̀la ni. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ń wò ó ju bí ẹ̀yin ìbá ti wò ó lọ."

Nígbà tí orin parí, Rose jáde síta. Ó bá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, okùn lọ́wọ́, eegun lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí.

"Mo gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀," ni Ọládépò sọ. "Rírí nìkan ni mi ò rí."

Rose fẹ́ bínú, ẹ̀rín gba ìbínú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó jókòó sórí gbòǹgbò máńgòrò, ó tún gèlè rẹ̀ wé dáadáa, ó ní, "Ẹ wò mí nígbà náà." Ló bá bẹ̀rẹ̀ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọládépò ju okùn sílẹ̀, ó dìde jókòó, ó ń wò ó. Tanímọ̀la gbọ́ orin, ó fò kúrò lórí àga, ó sáré jáde wá jókòó tì wọ́n.

Ohùn Mọ̀ríámọ̀ jáde láti inú pálọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹnì kan dùbúlẹ̀ padà. Ìròyìn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."