Bíríkìlà Tó Ń Kan Egungun Ara Rẹ̀ Wò

Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni wọ́n ti ń pe bíríkìlà yìí ní Kíákíá, orúkọ náà sì rò ó. Bó bá ń rẹ́ ògiri kan lọ́wọ́, ojú rẹ̀ á ti wà lára èkejì. Ọgbọ̀n ọdún tó fi ń ru kọnkéré gun àkàbà ló jẹ oríkèé ìgbáròkó ọ̀tún rẹ̀ tán, tí dókítà fi là á, tó fi irin rọ́pò ibi tó jẹ.

Irin náà kò dán. Ihò wẹ́wẹ́ ló kún ara rẹ̀ bíi kànrìnkàn. Dókítà ní egungun fúnra rẹ̀ ni yóò hù wọ inú ihò wọ̀nyẹn, tí yóò sì di irin mú. Ṣùgbọ́n bí irin bá ń mì, ì báà má ju fífẹ̀ irun orí lọ, ẹran rírọ̀ ni yóò dí àwọn ihò náà. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbọdọ̀ gbé ìwúwo ara. Ọ̀pá abẹ́ abíyá ni kó máa fi rìn. Bí egungun bá wọlé, á padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá wọlé, wọ́n á tún un là, àkàbà á sì di èèwọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà yé Kíákíá ju bí dókítà ṣe rò lọ. Ṣebí òun náà máa ń fi òòlù ṣá ògiri tó bá ń dán kí sìmẹ́ǹtì lè dì í mú. Ibi tó ti yé e jù gan-an ló ti ṣìnà. Bíríkìlà kì í fi ògiri tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ sílẹ̀ láìkàn án wò, kó mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ṣófo.

Láràárọ̀, ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ, tí kò fọkàn tán ọ̀pá náà, á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, á gbé e dé ibi ìwẹ̀, á wẹ̀ ẹ́, á gbé e padà, kó tó dọ́wọ́ lé ẹ̀yìn ara rẹ̀ jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ti jáde, adìẹ bà lókùn nìyẹn: ara ò rọ Kíákíá, ara ò rọ bẹ́ẹ̀dì. Á wo àjà, á wo ògiri, á máa bú ẹni tó rẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ó gbé ọ̀pá tì, ó dìde, ó fi gìgísẹ̀ ọ̀tún kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tẹ́tí. Kò dùn ún. Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, àmọ́ ṣe ni iyèméjì tún dé: bóyá kò kàn án dáadáa ni. Lọ́jọ́ kọkànlá, ó tún un kàn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, dókítà gbé àwòrán egungun rẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀. Ìlà dúdú tín-ínrín kan là láàárín irin àti egungun, àlàfo tí egungun ò tíì dí. Ó béèrè bóyá bàbá ti ń dúró lórí ẹsẹ̀ náà. Kí Kíákíá tó lanu, ìyàwó rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá ti búra pé ẹsẹ̀ yẹn ò kan ilẹ̀ rí, òun lòun ń gbé e. Dókítà mi orí. Ó ní a jẹ́ pé egungun kọ irin náà nìyẹn, àwọn á tún un là lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

 Ìtìjú ń fa Kíákíá sẹ́yìn, ọ̀bẹ ń bọ̀ níwájú.

"Mò ń dúró," ló wí. "Ojoojúmọ́. Mò ń kàn án wò ni."

Dókítà tún yíjú sí àwòrán náà. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn yàtọ̀: mímì ló ṣe é, kì í ṣe pé egungun kọ irin. Ó ṣeé ṣe kí egungun ṣì wọlé, bó bá lè fẹsẹ̀ náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà míì, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Ìyàwó ò pariwo.

"Láràárọ̀ ni mò ń gbé yín," ló wí. "Ẹ sì lè dúró."

Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Kíákíá jókòó síbẹ̀, kò lè wo ojú dókítà. Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó tún ṣí. Ìyàwó wọlé, ó dọ́wọ́ lé ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé e.