Ibi Tí Bàbá Mi Ti Ń Tẹrí Ba

Inú bí mi lọ́jọ́ tí Fadá kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ọ́yọ̀ọ́ pé ọ̀rọ̀ Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ tí à ń kà ní Mísà ti yí padà. Kì í ṣe pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ká mi lára púpọ̀. Ti bàbá mi ló ká mi lára. Ọ̀sẹ̀ méje péré ló kù kí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un lọ́dún Àjíǹde, ìyá mi sì ti fi odindi ọdún kan kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà títí ó fi mọ́ ọn lórí.

Bíríkìlà ni bàbá mi, kò kàwé. Ìyá mi ni Àgùdà, òun ló sì ń kó wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọ ọwọ́. Ilé oníṣàngó ni wọ́n bí bàbá mi sí, ó sì ti ṣèlérí fún ìyá tó bí i pé òun ò ní í bọ́ sínú ẹ̀sìn mìíràn níwọ̀n ìgbà tí ìyá náà bá wà láyé. Ìyá náà sì pẹ́ láyé dáadáa. Nígbà tó kú tán, ojú tún ń ti bàbá mi láti lọ jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké. Nítorí náà, fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ohun tó ń ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi kò ju pé kó gbé ìyá mi sẹ́yìn alùpùpù láti ilé wa lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán, kó já a sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kó sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé títí Mísà á fi parí. Tí ìyá mi bá fẹ́ gba Ara Olúwa, òun nìkan ló ń lọ, òun nìkan ló ń bọ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀ nílé.

Àfi lọ́jọ́ kan tí bàbá mi ṣàdédé sọ nídìí oúnjẹ pé òun fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Ìyá mi fi ṣíbí sílẹ̀, kò lè jẹun mọ́.

Nínú ìjọ wa, àgbàlagbà tó bá fẹ́ ṣe ìrìbọmi gbọ́dọ̀ dúró níwájú katikíìsì, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, kó sì ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ láìwòwé. Ẹni tí kò bá rí i kà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bàbá mi ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, àyà rẹ̀ sì ti ń dùn ún látìgbà òjò. Ta ló fẹ́ máa sọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ fún un?

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí a kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ tuntun, wọ́n pín ìwé pélébé fún wa lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó mú awò ojú wá ń ka tuntun. Àwọn tó gbàgbé tiwọn sílé ń ka àtijọ́, wọ́n sì ń pariwo ẹ̀ bí ẹni ń jà. Ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú mi ká ìwé tiẹ̀ pọ̀, ó ń fi fẹ́ atẹ́gùn sára. Nígbà tí a dé ibi tí a ti ń sọ pé Ọmọ Ọlọ́run di ènìyàn nínú Màríà Wúńdíá, níbi tí gbogbo wa ti máa ń tẹrí ba, ọ̀rọ̀ di rúdurùdu. Àwọn kan ti tẹrí ba, wọ́n ti nàró, kí àwọn yòókù tó débẹ̀.

Lẹ́yìn Mísà, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń ṣàlàyé níta pé ti tuntun ló péye jù. Ìyá àgbà yẹn dá a lóhùn pé, "Ṣé Ọlọ́run ò gbọ́ èyí tí à ń kà láti ọjọ́ yìí ni? Àwọn òkú wa ńkọ́, ṣé kí wọ́n padà wá tún un kà ni?" A rẹ́rìn-ín. Bàbá mi dìde lábẹ́ máńgòrò, ó bi wá pé, "Kí ló ṣe yín lónìí tí ẹ ò tẹrí ba pọ̀?"

Mo lọ bá katikíìsì, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí bàbá ka èyí tó mọ̀. Ó ní, "Àǹtí, tí mo bá gbà fún Bàbá, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn yòókù? Ti tuntun ni gbogbo wọn ń kọ́." Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló tún jẹ́ kí inú bí mi sí i.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣe tíṣà, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo sì lè wọ mọ́tò lọ kí wọn. Mo wá gba ohùn ara mi sílẹ̀ sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi, kí bàbá lè máa gbọ́ ọ láràárọ̀. Lẹ́yìn tí iléèwé jáde ni mo gbà á sílẹ̀, nínú kíláàsì tó ti ṣófo. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe. Bí mo ṣe dé ibi ìtẹríba, ọ̀rọ̀ tuntun fò lọ lórí mi. Mo dákẹ́, mo fa ìwé Mísà tuntun yọ nínú báàgì, mo ń ṣí i, mi ò sì tètè rí ojú ewé náà. Nígbà tí mo rí i, mo ń kà á lọ. Ó yẹ kí n pa á rẹ́ kí n tún un gbà, àmọ́ ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n ṣe é.

Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ ìdánwò, bàbá mi kà á fún mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n! Ó tilẹ̀ ń fa ohùn níbi tí mo ti fà á. Nígbà tó dé ibi ìtẹríba, ó tẹrí ba, kò sì gbé e mọ́. Mo rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Ìgbà tó nàró tó sì ń bá a lọ ló tó yé mi: bí mo ṣe pẹ́ tó nídìí ìwé tí mò ń wá ni òun náà ń pẹ́ tó. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá tún un ṣe, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ ọn lójú. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ó dúró níwájú katikíìsì, ó di fìlà rẹ̀ mú. Ó ń kà á lọ. Ó débẹ̀, ó tẹrí ba. Kò gbé e. Katikíìsì gbójú sókè wò ó. Ìyá mi, tí orúnkún ò jẹ́ kó lè dúró pẹ́, dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà tẹrí ba. Katikíìsì wò wọ́n, ó fi bírò sílẹ̀, ó sì tẹrí tiẹ̀ ba. Nígbà tí bàbá mi nàró, ó ṣi ọ̀rọ̀ méjì pè níwájú, bíi ti àtijọ́ ló pè wọ́n. Katikíìsì jẹ́ kó kà á tán.

Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ó dọjọ́ Àjíǹde."

Mo sunkún bí ọmọdé. Lọ́jọ́ Àjíǹde, àwọn méjèèjì jọ lọ gba Ara Olúwa, wọ́n sì jọ padà wá jókòó.

Láti ìgbà náà, gbogbo Ìsinmi tí mo bá wá ni mò ń rí i. Gbogbo ìjọ á ti nàró, wọ́n á ti kà á jìnnà, bàbá mi á ṣì tẹrí ba níbẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀díẹ̀. N kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Mo kúnlẹ̀ tì í ní ọ̀ọ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀bi mi ni. Ìwé ni mò ń wá nígbà tí mo dákẹ́ yẹn. Kò yẹ kẹ́ ẹ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀. Ṣebí mò ń gbọ́ bó o ṣe ń ṣí i."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ń pẹ́?"

Ó wo ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí ìyá mi wà. "Láti ogójì ọdún ni mo ti ń wo ìyá yín lójú fèrèsé tó ń dá tẹrí ba níbẹ̀ yẹn," ó ní. "Jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."