Ọjọ́ Tí Ọwọ́ Mi Ò Kan Etí

Òórùn gàrí kíkan ló máa ń jí wa nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí ìyá mi á ti jókòó ti agbada, èéfín á gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé, gàrí á máa dún ṣàà ṣàà. Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó tètè pa iná. Ó fi kànìnkànìn bó mi lára bí ẹni ń fọ ìkòkò, ó wọ̀ mí láṣọ Sọ́ńdè, ó ní ó tó àkókò kí n wọ ilé-ìwé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ò lè gbàgbé ìdánwò yẹn láé. Kò sí ìwé, kò sí gègé. Wọn á ní kí o gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí o fi di etí òsì mú. Bí ọwọ́ ò bá kan etí, ó di ọdún mìíràn. Ọwọ́ Délé ẹ̀gbọ́n mi ti kan etí tirẹ̀, ó ti wà ní kíláàsì kejì, ó sì ń fi ṣe fọ́ńté. "Hóró gàrí" ló ń pè mí.

Hẹ́dímásítà, bàbá gíga kan tó máa ń wọ ṣòkòtò péńpé kákí, ní kí n nawọ́. Mo nawọ́, mo na ọrùn, mo tún yọ ahọ́n. Àárín irun ni ọwọ́ mi dé. Mo wá tẹ orí, bóyá etí á wá pàdé ọwọ́.

"Má tẹ orí," ni bàbá wí. "Ìyá Délé, ẹ mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Mo bú sẹ́kún, mo ké débi pé ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ igi máńgòrò dìde. Ìyá mi fà mí mọ́ra: "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Dákẹ́ jàre, tìrẹ náà ń bọ̀." Kí ni mo fẹ́ fi kèrègbè ṣe? Ilé-ìwé ni mo fẹ́!

Àánú mi ṣe hẹ́dímásítà. Àwọn oní-sinimá ìjọba kúkú wá lọ́jọ́ náà, wọ́n ti fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn. Ó ní kí èmi àti ìyá mi wọlé wá wò ó, kí ẹkún lè dá.

Háà! Ẹ̀rọ ń dún kẹrẹrẹ, ìmọ́lẹ̀ hàn lára ògiri. Ọmọ kan jókòó sórí koríko. Ni àwòrán bá ń fà sẹ́yìn: ọmọ kéré, òrùlé kéré, ìlú ò ju ẹní lọ, títí gbogbo ayé fi rí roboto bí òrombó. "Ìjẹ̀bú-Òde dà?" ni àwọn ọmọ ń pariwo. Òyìnbó ń sọ̀rọ̀ nínú sinimá, hẹ́dímásítà ń túmọ̀ rẹ̀: "Bí oòrùn bá tó agbada Ìyá Délé, ayé yìí ò ju ẹyọ erèé kan lọ." Ìyá mi la ẹnu sílẹ̀. Kò pẹ́, oòrùn fúnra rẹ̀ di hóró gàrí láàárín ìràwọ̀ tí ò lóǹkà. Mo yíjú wo Délé láàárín àwọn ọmọ kíláàsì kejì. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́: hóró gàrí ni gbogbo wa!

Mo dìde. "Sà, ṣé ọwọ́ ayé kan etí?"

Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi fi gèlè bojú. Hẹ́dímásítà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nu omijé. "Ìyá Délé," ló wí, "ayé ò tilẹ̀ létí rárá, Ọlọ́run ò sì lé e. Ẹ mú ọmọ yìí wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Èmi náà ti di hẹ́dímísírẹ́ẹ̀sì báyìí, mo sì ga ju Délé lọ. Etí tí mò ń wá nígbà yẹn, ọwọ́ mi ń kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, nípàdé àwọn ọ̀gá wa, wọ́n ṣe òfin kan tó rú mi lójú. Ìbéèrè ti dé ẹnu mi. Mo wo àwọn èèyàn ńláńlá tó wà níjòókòó, mo gbé e mì. Ọmọ ọjọ́ yẹn ì bá ti dìde. Ọwọ́ mi ti tó pẹpẹ, ẹ bá mi yọ̀; kèrègbè ni kò wọ̀ mọ́.